Táyà Tó Gba Kọ́nà

Ọkọ̀ ìdíje kékeré onírìmóòtù náà tún yọ̀ lórí ilẹ̀ táìlì dídán, ó forí sọ ògiri. Mẹkáníìkì gbé e, ó tún ń fi pépà oníyanrìn ha táyà rẹ̀.

"Bọ̀dá, mo fẹ́ jáde, òjò sì ń rọ̀," àbúrò rẹ̀ obìnrin wí. "Táyà mọ́tò mi ti pá bí orí bàbá wa."

"Jẹ́ n parí tìdíje yìí ná. Rọra máa wà á."

Ó fi òróró tó ń mú kí rọ́bà di ilẹ̀ mú pa táyà kékeré náà, ó tẹ rìmóòtù. Ọkọ̀ náà gba kọ́nà láìyọ̀. Ó yíjú pé kí àbúrò òun wá wò ó, àmọ́ obìnrin náà ti wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Táyà mọ́tò tuntun mẹ́rin tí bọ̀dá rẹ̀ rà fún un ṣì wà nínú ọ̀rá.

Fèrè mọ́tò dún ní kọ́nà ìsàlẹ̀ títì, kò sì dákẹ́.