Ẹ́ńjìnnì Kan Ṣoṣo

"Ká máa lọ!" Olóyè pariwo látinú bàálù.

Awakọ̀ wo òjò tó ṣú dẹ̀dẹ̀ lókè ìlú Erínjẹ. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni bàálù náà ní. Bó bá kú sókè ńkọ́? Ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ pé ẹ̀rù ń ba òun.

"Ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́, sà. Mẹkáníìkì ni ò tún un ṣe."

Olóyè sọ̀ kalẹ̀, ó bú mẹkáníìkì, bàbá àgbà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, bí ẹni ń layin. Bàbá di fìlà rẹ̀ mọ́yà, ó ń bẹ̀bẹ̀.

Bí Olóyè ti lọ tán, awakọ̀ dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, irọ́ ni mo pa mọ́ yín."

Bàbá na fìlà náà sí i. Gbogbo pulọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì ló wà nínú rẹ̀.

"Àárọ̀ ni mo ti tú wọn. Mo mọ̀ pé o ò ní lè kọ̀ fún Olóyè."