Ẹran Fídáù Tó Bàjẹ́ Nínú Fírísà Kaosarah

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ̀yin tí ẹ ní fírísà nílé, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1. Àdúgbò wa ní Ẹdẹ níbí ni Kaosarah ń gbé. Òun nìkan ló ní fírísà ńlá ní àgbàlé wọn, ó sì máa ń fi yangàn. Nígbà Iléyá, Ibtisam, opó tó wà ní yàrá kejì, kó gbogbo ìpín ẹran tí wọ́n fún un jọ. Kò fẹnu kàn án. Fídáù ogójì ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀ dè, torí àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ láti Awo, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì máa wò. Ó fẹ́ dín in. Kaosarah ní kó má fi òróró ṣòfò, kó gbé e wá sínú fírísà òun.

2. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí fídáù pé, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Gílóòbù á pọ́n bí ẹyinná tó ń kú lọ, fáànù á máa wọ́ bí arúgbó. Sitebiláísà tó ń ṣọ́ fírísà kò gba irú iná bẹ́ẹ̀, ó kàn ń dún kẹ́-kẹ́. Kaosarah ní ó ti bàjẹ́. Ó yọ ọ́ kúrò, ó ki wáyà fírísà bọ ara ògiri tààrà.

Abdulmujeeb ọkọ rẹ̀ rí i.

"Ìyá Ahmad, bí nǹkan yẹn bá kọ iná, jẹ́ kó kọ̀ ọ́. Iná ni kò dáa."

"Kí ẹran wá bàjẹ́, bàbá Ahmad? Ṣé ẹ ò gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ ni?"

Ó ń kùn lóòótọ́. Bí ẹni tí ẹrù wúwo jù fún ló ń kùn.

3. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, iná tó rọlẹ̀ ṣàdédé já wọlé. Gílóòbù mọ́lẹ̀ yòò, fírísà ta pó, ó dákẹ́. Òórùn ike tó jóná gba ilé.

Ibi tó burú sí nìyí o. Kaosarah ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó pe ẹni tó ń tún fírísà ṣe ní Sekona, ìyẹn ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibtisam wá wo ẹran rẹ̀, Kaosarah fara ti ìdérí.

"Má ṣí i, kí òtútù má baà jáde."

Ibtisam ṣàdúà fún un. Bó ṣe lọ tán, Kaosarah wé bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ fírísà, ó ń fọwọ́ kàn án lára ṣáá bí ẹni tọ́mọ rẹ̀ níbà.

4. Àárọ̀ Sátidé, Ibtisam gbé ìkòkò kaná, ó wá gbé ẹran. Bó ṣe ṣí i, òórùn lé àwọn ọmọdé jáde. Kò pariwo. Ó bèèrè ọjọ́ tí fírísà náà kú, Kaosarah jẹ́wọ́.

"Ìyá Ahmad, ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà, ǹ bá ti dín in."

Ẹyin ló bu sórí ìrẹsì fún àwọn àna rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n padà sí Awo. Ibtisam ṣì ń kí Kaosarah láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ní àgbàlé yẹn, kò tún sí ẹni tó fún un ní nǹkan tọ́jú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí iná bá ti rẹlẹ̀, ẹ pa fírísà. Bó bá padà dé, ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tàn án. Ẹ má ṣe yọ sitebiláísà. Bó bá sì ti bàjẹ́, ẹ tètè sọ fún ẹni tó lẹ́rù. Ìtìjú ọjọ́ kan kò tó ti ẹran tó jẹrà.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.