Ológbò Tó Ń Ké ní Yàrá Jàfárù

Ọjọ́ kẹta rèé tí ọmọ ológbò kan ti ń ké nínú yàrá Jàfárù, káfíńtà Ìgàndó.

Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí nǹkan kan.

Ó gun àga, ó yọjú sí àjà. Igbe náà tún le sí i.

"Zulaihat, àbí o ò gbọ́ ọ ni?"

"Mo ń gbọ́ ọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ jókòó ná jàre, ẹ̀ ń mí hẹlẹ."

Ó jókòó. Ológbò ò dákẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ gbé etí lé e láyà.

"Bàbá Fàdìlàt, ológbò kọ́ o! Àyà yín ló ń ké!"

Ní ọsibítù, dọ́kítà ní lẹ́búlẹ́bú pákó tó ti ń fà símú láti ogún ọdún ló mú ọ̀nà èémí rẹ̀ wú, tó sì fún pọ̀.

Jàfárù mi orí.

"Dọ́kítà, ẹja tí mo ti rà fún ológbò ńkọ́?"