Ìrìnàjò Bòńkẹ́lẹ́ sí Séṣẹ́ẹ̀lì

Fóònù Adéjọkẹ́ gbọ̀n nínú ìró rẹ̀. Ó ti pa ohùn rẹ̀ kí Dámiláre tó wà ní pálọ̀ má ba à gbọ́. Ó wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi sílẹ̀ kí ó máa dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wá gbé fóònù sétí.

"Jọkẹ́, wọ́n ti dá wa lóhùn," Oyèníran sọ jẹ́ẹ́jẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́. "Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, ni ká wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ọ̀yọ́ ni mo mú, kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

"Tí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ta ni yóò sọ fún wọn?"

Séṣẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń lọ, àwọn erékùṣù tó tò jọ sáàárín Òkun Íńdíà. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni Oyèníran tẹ́lẹ̀, ó sì mọ orúkọ wọn bí ẹni mọ orúkọ aládùúgbò: Máhè, Prálìn, Ladíìgì. Ó ní omi ibẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè dúró sínú rẹ̀ dé àyà kí ó máa ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti ta ilẹ̀ kan ní Ìkòyí-Ilé nítorí ẹ̀, láì jẹ́ kí Fọláhànmí, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, gbọ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n fẹ́ lò níbẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan, nínú yàrá kan. Adéjọkẹ́ kò bèèrè ju yàrá kan yẹn lọ.

Bí ó ti ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀, Dámiláre ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ń pè?"

"Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ìpàdé àwọn obìnrin wà lọ́jọ́bọ̀."

Dámiláre wo fóònù, ó wojú rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí Adéjọkẹ́ ti wà nílé Dámiláre, tí ó ń se oúnjẹ, tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ, ó sì ti mọ ohun tí wíwò yẹn túmọ̀ sí. Nínú oṣù Kẹfà, ó ti di aṣọ mẹ́ta sínú báàgì, ó ti jókòó sínú ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ní gáréèjì, nígbà tí Dámiláre yọ sí i. Kò pariwo. Ó kàn gba báàgì náà, ó dì í lápá mú sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo èrò, ó sì fi mọ́tò gbé e padà sílé. Láti ọjọ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ géètì ti kúrò lára ìṣó tí wọ́n ń fi í kọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, Dámiláre fúnra rẹ̀ ló gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní aago kan lòun máa padà wá. Adéjọkẹ́ gba iwájú wọlé, ó kí obìnrin méjì, ó gba ẹ̀yìn jáde. Ó dá kẹ̀kẹ́ dúró. Wọ́n dé ẹ̀bá Ọjà Akẹ̀sán, ó rí mọ́tò dúdú kan tó jọ ti Dámiláre, ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó já bọ́, títí oníkẹ̀kẹ́ fi bèèrè pé, "Ṣé kò sí nǹkan o?"

Oyèníran ti ń dúró níwájú ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù, ó fa fìlà bojú. Bí ó ti rí i, ó mú un lọ́wọ́. Adéjọkẹ́ já ọwọ́ gbà.

"Ẹ má mú mi lọ́wọ́ níta gbangba. Wọ́n mọ Dámiláre nílùú yìí."

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó ti ara wọn sórí bẹ́ńṣì. Oyèníran ki ọwọ́ bọ àpò, ó tú u wò.

"Jọkẹ́, ìwé tí wọ́n fi dá ọjọ́ fún wa, mi ò rí i nínú àpò mi mọ́."

"Ibo lẹ fi í sí?"

"Ó dà bí ẹni pé orí bẹ́ẹ̀dì ni mo gbàgbé ẹ̀ sí."

"Kí Fọláhànmí rí i?"

Fọláhànmí a máa yẹ àpò aṣọ Oyèníran wò láràárọ̀. Kò sí bébà kan tó wọ ilé yẹn tí kì í kà. Fóònù Adéjọkẹ́ gbọ̀n: Dámiláre. Ó jẹ́ kó gbọ̀n tán. Ó tún gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ti Oyèníran náà bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Adéjọkẹ́ wí. "Tí wọ́n bá bá wa níbí, wọn ò ní jẹ́ kí n tún fojú kàn yín mọ́ láyé."

"Ẹni kan ṣoṣo ló kù níwájú wa," Oyèníran sọ, ó sì pa fóònù tirẹ̀.

Wọ́n pè wọ́n. Òṣìṣẹ́ tó jókòó ti kámẹ́rà kọ́kọ́ ya Adéjọkẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ya á, nítorí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó wá yẹ fọ́ọ̀mù wọn wò, ó ní, "Ẹ ní ibì kan náà lẹ jọ ń lọ, àdírẹ́sì yín ò sì papọ̀. Kí lẹ jẹ́ síra yín?"

Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, ilẹ̀kùn ṣí. Dámiláre ló ṣáájú, Fọláhànmí tẹ̀lé e, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú àwọn méjèèjì pọ́n. Adéjọkẹ́ sá sẹ́yìn Oyèníran, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú, Dámiláre sì ń bọ̀ tààrà lọ́dọ̀ wọn láì wo ọ̀tún, láì wo òsì.

Dámiláre dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Fọláhànmí kúnlẹ̀ tì í, Oyèníran sì kọjú sí òṣìṣẹ́ náà, ó ní, "Ìyàwó mi ni láti ọdún márùndínláàádọ́ta, àwọn méjì tó wà nílẹ̀ yìí la bí, àwọn náà ló pín wa bí ẹni pín ogún, ọ̀kan sí Ọ̀yọ́, ọ̀kan sí Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí a ò tíì kú, jọ̀ọ́, ya fọ́tò tèmi."