Orúkọ Tó Hàn Lẹ́yìn Fíìmù

Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Àmírà Mákánjúọlá rí orúkọ bàbá rẹ̀ nínú ilé sinimá kan ní Peckham. Fíìmù Amẹ́ríkà ni, kò tilẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń dìde, àwọn orúkọ sì ń gòkè lọ ní lẹ́tà funfun. Níbi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kọ ìtàn náà sí, ó ka Sherifdeen Mákánjúọlá. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi tan iná.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí bàbá náà wọ bàlúù lọ sí Amẹ́ríkà. Lẹ́tà méjì ló kọ sílé, kò kọ ẹ̀kẹta. Rìsíkátù, ìyá Àmírà, jó gbogbo fọ́tò rẹ̀, kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Àmírà wá kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣe fíìmù náà. Oṣù mẹ́rin kọjá kí èsì tó dé. Ìlà mẹ́ta péré ni. Ọkùnrin náà ní òun ti ka lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, òun ti ń dàgbà, òun ò lẹ́nì kankan ní Los Angeles mọ́, ṣé òun lè wá?

Ó wá. Ilé Àmírà ní Nunhead ló ń gbé láti ìgbà náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń fọ abọ́ tó bá ti jẹun tán. Ó sọ bí Hollywood ṣe rí fún Àmírà: ọdún mẹ́fà tó fi ń kọ ìtàn tí ẹnikẹ́ni ò kà, àwọn ọ̀gá tó ra ìtàn ìyàwó àgbẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ di ìtàn ọlọ́pàá, fíìmù mọ́kànlá tó kọ, tó jẹ́ pé mẹ́rin ló jáde. Ó sọ nípa Kóyọ̀dé, ọmọ pásítọ̀ kan, tí wọ́n jọ gbé yàrá kan. Ìgbà èwe Àmírà nìkan ni kì í mẹ́nu bà. Fátíhà pàápàá kì í já gaara lẹ́nu rẹ̀. Àmírà gbà pé Amẹ́ríkà ló fọ gbogbo ẹ̀ dànù. Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ọ̀rọ̀ wá di ohun tó ń fi ipá yọ lẹ́nu.

Ọ̀sán Sátidé kan ni àlejò dé, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ní Kóyọ̀dé lòun, pé òun fi Los Angeles sílẹ̀ lọ wa tírélà ní Texas.

"Báwo lẹ ṣe mọ ibí, Uncle?"

"Orí fóònù ni mo ti rí fọ́tò ẹ̀yin méjèèjì. Wọ́n ní ó wá sọ̀rọ̀ nípa fíìmù ní láíbìrì Catford. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló júwe ilé yìí fún mi."

Àmírà bu omi fún un. Ọkùnrin náà ṣe bísímílà kó tó mu ún. Àmírà wò ó. Nígbà tí ọkùnrin náà wọ yàrá, bàbá kọjú sí ògiri.

Ó tún wá ní Sátidé kejì.

"Ibo ni wọ́n sin Rìsíkátù sí?" ó béèrè.

"Ẹ mọ ìyá mi ni?"

Ọkùnrin náà ń wo ọwọ́ Àmírà. "Ṣé ọwọ́ òsì lo ṣì fi ń jẹun?"

Àmírà fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti jẹ́ kó jáwọ́ nínú ìyẹn, kò sì rántí pé òun sọ ọ́ fún bàbá rí.

Ó ròyìn rẹ̀ fún Miracle, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà oògùn kan ní Surrey Quays. "Aunty, scam nìyẹn," Miracle wí. "Wọ́n á ti research yín dáadáa. Owó film yẹn ló ń wá."

Nígbà tí ọkùnrin náà dé lẹ́ẹ̀kẹta, Àmírà jẹ́ kó wọ yàrá, ó sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sọ pé, "Sọ fún un." Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ẹkún bàbá. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì pe ọkùnrin náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí lẹ ń wá gan-an? Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ àwọn fíìmù yẹn ni?"

"Rárá o. Èmi ò mọ̀ ọ́n kọ. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ló kọ gbogbo ẹ̀."

"Kí lẹ wá fẹ́?"

"Ìwé ìgbélùú kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa méjèèjì nígbà náà, òun ló sì ń lò ó. Mi ò wá gba nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni."

"Kóyọ̀dé tí Daddy mi sọ fún mi, ọmọ pásítọ̀ ni. Ẹ̀yin kọ́ ni Kóyọ̀dé."

"Òótọ́ ni," ó wí. "Èmi kọ́."

Àmírà ṣí ilẹ̀kùn ìta. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má padà wá mọ́. Tí ẹ bá wá, màá pe ọlọ́pàá."

Ọkùnrin náà tẹ̀ ba, ó wọ bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ò ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. O ṣeun." Ó sì bọ́ sí títì. Àmírà wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì, ó wá ti ilẹ̀kùn.

Ara rẹ̀ ti fúyẹ́ nígbà tó padà wọ yàrá. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó nu ojú bàbá.

"Ẹ má sunkún mọ́, Daddy. Ó ti lọ. Kì í ṣe Kóyọ̀dé rárá, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́."

Bàbá gbé ọwọ́ kan tó ṣì lágbára lára rẹ̀ lé àyà, ó ṣe é jẹ́jẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi jáde, ó ní, "Èmi ni Kóyọ̀dé, sáré, Àmírà, bàbá rẹ ló ń lọ yẹn."