Àwo Páṣíà tí Husain Ha Òǹtẹ̀ Rẹ̀ Dànù

Husain, alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Ìlaròó, mọṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àléébù kan ń bẹ lára rẹ̀: kò lè la ẹnu sọ pé, "N kò mọ̀."

Tẹ́lẹ̀, Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ làwọn ènìyàn ń gbé fàdákà àtijọ́ lọ, sọ́dọ̀ bàbá kan tó mọ òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù sára fàdákà nílẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí ìjọba ti ibodè pa lọ́dún 2019, ọ̀nà Pọ́bẹ̀ dí, Husain sì sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá. Láti Àgọ́sásá títí dé Ìlóbì ni wọ́n ti ń wá a.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Mùínátù gbé àwo kan wá láti Ìpókíá. Bàbá rẹ̀ ló mú un bọ̀ láti Mẹ́kà. Wọ́n fín ẹyẹ àti òdòdó sí i lójú. Màmá dà á dojú dé.

"Husain, wo àmì wọ̀nyí. Ọ̀kan jọ nọ́ńbà ẹ̀jọ tí a kọ́ nílé kéwú. Èkejì ńkọ́?"

Husain tẹjú mọ́ ọn. Àkọ́kọ́ dà bí òrùlé ahéré, èkejì ká lórí, lẹ́tà tín-ín-rín sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó wù ú kó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti béèrè.

"Àpá òòlù lásán ni, Màmá. Òǹtẹ̀ kìnnìún ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó ń fi fàdákà gidi hàn, làwọn ènìyàn ń wá. Ẹ fi sílẹ̀, mà á tún un ṣe."

Bí Màmá ti lọ, ó fi fáìlì irin ha àwọn àmì náà kúrò, ó sì lu kìnnìún síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí Túnbọ̀sún, tó ń ṣa ohun àtijọ́ jọ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan l'Ábẹ́òkúta, fi bá Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù Husain. Fọ́tò òǹtẹ̀ àwo náà, tí Màmá ti fi ránṣẹ́ kó tó gbé e fún Husain, ló mú un wá. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ti ṣèlérí láti kọ orúkọ bàbá Màmá sábẹ́ àwo náà.

"Ta ló ha á?" ni Túnbọ̀sún bi wọ́n. "Nọ́ńbà Páṣíà, ìyẹn ilẹ̀ Ìran, ló wà níbẹ̀, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, tó ń sọ bí fàdákà náà ti dára tó. Orúkọ ẹni tó rọ ọ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kìnnìún yìí ti sọ ọ́ di ayédèrú. A ò lè gbà á mọ́."

Màmá wo Husain. "Bí o bá ní o ò mọ̀, ṣé mà á bá ọ jà ni?"

Ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ gba gbogbo irin òǹtẹ̀ lọ́wọ́ Husain, àwọn oníbàárà sì wá kó ẹrù wọn. Ìkòkò jíjò ló ń lẹ̀ kiri l'Áyétòrò báyìí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn béèrè ohun tí kò yé e. Ohun tí ọwọ́ wa kò lè dá padà, ẹ jẹ́ ká mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ká tó fọwọ́ kàn án.