Ọmọ Tí Rosine Ní Òun Ń Kọ́ Nílé

Ìfẹ́ ìyìn ni àìsàn tó ń ṣe Rosine, aránṣọ kan ní ìlú Ikpinlè, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè iléèwé. Kì í jalè, kì í bá ará àdúgbò jà, ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ti pé méjì níbi kan, yóò wá irọ́ dídùn kan tí yóò fi ga jù wọ́n lọ.

Ó bí ọmọkùnrin kan, Gildas, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó sì lójú àánú, ṣùgbọ́n ìwé kì í tètè wọ̀ ọ́ lórí. Lẹ́tà tó mọ̀ lónìí, tó bá di ọ̀la, á dà bí àlejò lójú rẹ̀. Bí a bá rán an ní iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀, méjì á jábọ́ lọ́nà. Ọ̀gá iléèwé ránṣẹ́ pe Rosine.

"Màmá Gildas, ọmọ yín kì í ṣe òmùgọ̀. Kíláàsì wa ló kún jù fún un. Ẹ máa fi sùúrù kọ́ ọ nílé, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ ọ̀nà rẹ̀ kó ràn yín lọ́wọ́."

"Nílé" nìkan ni Rosine gbọ́. Kò gbọ́ "sùúrù", bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ "ìrànlọ́wọ́". Ó mú ọmọ kúrò níléèwé, ó fi ariwo kọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó sú u, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Gildas ń ṣa àkísà, ó ń lé ewúrẹ́ kúrò lára aṣọ oníbàárà. Ṣùgbọ́n tí Rosine bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, yóò ní, "Gildas mi? Faransé ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi òjò!"

Ràhámátù, aládùúgbò rẹ̀, náà ní ọmọbìnrin kan tí ìwé ṣòro fún. Hóró àgbàdo ló fi ń kọ́ ọ ní ìṣirò lórí ẹní. Rosine á kọjá, á bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé ọmọ lò ń kọ́ ni, àbí adìẹ?"

Akínbáyọ̀, ọkọ Rosine, kìlọ̀ fún un. "Rosine, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà."

"Bàbá Gildas, ilé wo lẹ kọ́ tó fẹ́ tà?"

Akínbáyọ̀ gbé àdá rẹ̀, ó gba oko ọ̀pẹ lọ.

Kò pẹ́ ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Pélagie ti ìlú Pobè wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn òbí bí a ṣe ń kọ́ ọmọ tí ìwé ṣòro fún nílé, àyè ọmọ díẹ̀ ló sì ní. Ó bèèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹni tó ń kọ́ ọmọ nílé, gbogbo ẹnu sì darí rẹ̀ sọ́dọ̀ Rosine. Pélagie ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo ọmọ náà.

"Sọ òótọ́ fún un," ni Akínbáyọ̀ wí, "kí ọmọ lè rí ìrànwọ́."

"Kí gbogbo Ikpinlè wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Rárá o!"

Ó pe Grâce, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí orí rẹ̀ pé níléèwé. Ó fi í pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé, níta, kó máa dáhùn ìbéèrè dípò Gildas. Ó wá yíjú sí Gildas: "Bí mo bá húkọ́, la ẹnu. Bí mo bá tún húkọ́, pa á dé."

"Màmá, bí ikọ́ gidi bá wá ńkọ́?"

"Ikọ́ gidi kò ní wá."

Pélagie dé, ọ̀pọ̀ obìnrin tẹ̀ lé e, Ràhámátù náà sì wà láàárín wọn. Ó bi Gildas ní ìbéèrè lédè Faransé. Rosine húkọ́, Gildas la ẹnu, Faransé sì ń dà wọlé láti ojú fèrèsé. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ yìí ò nílò wa rárá," ni Pélagie wí. "Ẹlòmíràn ni ká fún láyè."

Rosine rí i pé ìrànlọ́wọ́ ọmọ òun ti ń lọ, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́wọ́, ìtìjú dé. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà náà ni ẹnì kan da ata sínú epo gbígbóná ní ilé kejì. Ikọ́ gidi mú Rosine. Gildas, ọmọ onígbọràn, ń la ẹnu, ó ń pa á dé, bí ẹja tó bọ́ sórí ilẹ̀. Pélagie sáré wá omi. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ohùn kan ké láti ojú fèrèsé:

"Yéè! Ìjàlọ! Ó ti wọ inú yẹ̀rì mi o!"

Ẹnu Gildas ṣì ń lọ, ó ń bọ̀.

"Gildas," ni Pélagie bèèrè, "ṣé ìwọ ni ìjàlọ ń jẹ?"

"Rárá, Tántì. Grâce ni. Màmá ní kí n má sọ pé ó wà níbẹ̀."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Akínbáyọ̀, tó jókòó ní kọ̀rọ̀ ilé, bojú, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì.

Pélagie ò bínú sí ọmọ. Ó fún un láyè, ṣùgbọ́n ó ní ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ, Ràhámátù, tí gbogbo obìnrin náà jẹ́rìí sí, ni yóò sì kọ́ ìyá náà. Báyìí ni Rosine ṣe ń jókòó lórí ẹní Ràhámátù, tó ń to hóró àgbàdo. Bó bá ti pariwo, Ràhámátù á kó gbogbo hóró náà nílẹ̀: "Ìyá Gildas, ẹ ti pariwo. Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀." Nígbà tí òjò tuntun rọ̀, Gildas fi ìka kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí iyanrìn, ó sì kà á sókè. Àwọn obìnrin yin ọmọ, wọ́n yin Ràhámátù. Rosine tẹ́tí títí kí ẹnì kan dárúkọ òun. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ìka ò dọ́gba. Ọmọ tí ìwé kì í tètè yé kì í ṣe àbùkù ilé. Àbùkù ni kí a fi irọ́ bò ó débi tí kò fi ní rí olùrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá ní òun ń kọ́ ọmọ nílé, kó kọ́ ọ ní tòótọ́, kó fi sùúrù ṣe é, kó sì bèèrè ohun tí kò mọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìyìn tí a kò ṣiṣẹ́ fún kì í pẹ́ bàjẹ́.